Ajá tí Ọdẹ́dínà Ní Kó Dúró

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn ọdẹ kò fẹ́ ariwo. Bí ẹran inú rẹ̀ bá sá lọ, n kò ní í lé e. N kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ dídùn bò yín lójú. Ọ̀rọ̀ dídùn ló kó ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sí wàhálà.

Ní ìlú Ìdó-Àpáta ni ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́dínà. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá ti da ẹ̀tù sí i, tó ju ọta lé e, tó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, ẹran tó bá wà níwájú ẹnu ìbọn náà ti di ọbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi. Ó fẹ́ràn ìyìn. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, a dúró kí o lè tún un kí.

Ó ní ajá kan, Jẹ́nsinmi ni ó sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá, òwe ni. Ẹni tí a kò lè bú lójú ni a fi ń bá wí. Ìyá Àyọ̀ká, aládùúgbò rẹ̀, ni ó ń bá jà nítorí àgbàlá nígbà náà. Ní àárọ̀ kùtù, Ọdẹ́dínà a bọ́ sí ìta, a kígbe: "Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o!" Ìyá Àyọ̀ká a pòṣé láti inú ilé, a ní, "Ajá ni wọ́n ń pè, n ò gbọ́."

Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ni kí a sọ: kò sí ẹni tó mọ ajá kọ́ bíi ti Ọdẹ́dínà. Láti kékeré, bí Jẹ́nsinmi bá ń jẹun, a máa lu páànù gbàmù-gbàmù létí rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ìró ńlá kì í pa ni, kí ìró ìbọn má baà lé e sá nínú igbó. Ó di ìyẹ́ awó sínú àkísà, a jù ú sínú koríko, a ní, "Gbé e wá." Ajá náà a gbé e wá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìyá tó gbé ọmọ, eyín rẹ̀ kò ní í ṣe é léṣe. Ó kọ́ ọ kó máa rìn lẹ́yìn, kó má ṣíwájú ẹnu ìbọn láé. Èyí tó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni "Dúró." A gbé ẹran gbígbẹ síwájú ajá, a ní, "Dúró," a sì lọ fara pamọ́. Bí ajá bá mira, pàṣán ni. Bó bá dúró títí, Ọdẹ́dínà a jáde wá, a gbé ọwọ́ lé e lórí, a ní, "Mo dé." Ìyẹn nìkan ló ń tú u sílẹ̀. Kí ẹlòmíràn pe "Mo dé" títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, Jẹ́nsinmi kò ní í wò ó. Ẹni tó bá sì sún mọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣọ́, a bù ú jẹ.

Ó di ọjọ́ kan, Ọdẹ́dínà dẹ̀gbẹ́ lọ sí Igbó Àìmọ̀dí, ó bá ẹfọ̀n kan pàdé. Ẹfọ̀n yìí tóbi débi pé àwọn ẹyẹ ń sùn sórí rẹ̀, wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe òkè. Ọdẹ́dínà yìnbọn. Ẹfọ̀n gba ọta, kò ṣubú, ó ya igbó lọ. Òfin ọdẹ sì ni pé ẹran tó bá gba ọta, ọdẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi rí i. Ọdẹ́dínà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ sí ìdí igi apá kan, òun àti ẹran yíyan inú rẹ̀, ó wo ajá, ó ní, "Dúró." Ó bá tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹfọ̀n náà rìn títí, ó lọ ṣubú sí ẹ̀bá oko àwọn ará Ìdó-Àpáta. Àwọn àgbẹ̀ rí i, wọ́n pariwo. Kí Ọdẹ́dínà tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti gbé e sọ́rùn. Àwọn obìnrin ń kígbe, "Ọdẹ dé o!" Wọ́n dá orin sílẹ̀ fún un, wọ́n gbé ẹmu fún un, wọ́n kun ẹfọ̀n pín. Olúọdẹ Ògúnrónbí tó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ ìlú náà dìde fúnra rẹ̀, ó sun ìjálá kì í. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń jó. Gbogbo àsìkò yẹn, ajá wà ní ìdí igi.

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó Ọdẹ́dínà, ló bi í níkẹyìn, níwájú gbogbo agbo: "Baálé mi, Jẹ́nsinmi dà?"

Kò ju kí Ọdẹ́dínà ní "Mo gbàgbé rẹ̀" kó sì sáré padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀, orin ìyìn kò tíì kúrò létí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ní, "Ẹfọ̀n ló pa á." Irọ́ kì í sì í dá rìn. Ó tún ní ajá náà bu ẹfọ̀n jẹ ní imú, kò jù ú sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Omijé bọ́ lójú Olúọdẹ. Arúgbó náà fẹ́ràn ajá. Ó ní, "Ajá tó kú bí ọdẹ, bí ọdẹ ni a ó ṣe fún un." Wọ́n ṣe ìṣípà fún Jẹ́nsinmi, ètùtù tí àwọn ọdẹ fi ń yọ ẹni wọn tó kú kúrò láàárín ara wọn. Wọn kò ṣe é fún ajá rí ní ìlú yẹn. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ sí ẹnu igbó, wọ́n sun ìrèmọ̀jé tí í ṣe arò ọdẹ, wọ́n yìnbọn lu àwo náà, wọ́n ní kí Jẹ́nsinmi máa lọ, kó má wẹ̀yìn.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé Ọdẹ́dínà kò lè yọ́ lọ sínú igbó kí wọ́n tó ṣe ìṣípà ni? Ó lè lọ. Ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó dé ẹ̀yìn odi, ó padà. Ó ń rò ó pé bí ajá bá bá òun wálé, òun di òpùrọ́ nìyẹn. N kò ní í yí i po fún yín: Ọdẹ́dínà fẹ́ kí ajá náà kú. Ó fẹ́ kí ẹkùn rí i jẹ, kí irọ́ òun lè di òótọ́.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìṣípà ni ìbọn ti kọ̀ fún un. A ki í, a fà á, ẹ̀tù a kàn ta fùú, èéfín a bo ojú rẹ̀, ẹran a máa wò ó. Bó bá bu òkèlè, a gbọ́ ṣaworo ọrùn ajá lọ́nà jíjìn, ṣin, ṣin, òkèlè a há sí i lọ́fun.

Abọ́sẹ̀dé wò ó títí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní, "Baálé mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Bí ajá ọdẹ bá kú sínú igbó, ṣé kì í ṣe ṣaworo ọrùn rẹ̀ ni ọdẹ máa ń mú bọ̀ wá sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti Jẹ́nsinmi dà?"

Obìnrin náà kó àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ọdẹ́dínà wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, ó gbé ìbọn, ó wọ igbó.

Ó rí ibi tí igi apá yẹn wà, ṣùgbọ́n kò rí igi. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ojúlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ipasẹ̀ ajá wọ ibẹ̀, kò jáde. Ó wá gbọ́ ṣaworo níwájú, níbi tí ọ̀nà kankan kò gbà, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ìbọn ìṣípà ti lé ajá náà, àti igi, àti ilẹ̀ tó dúró lé, kọjá sí ilẹ̀ àwọn iwin. Wọ́n ti ní kó máa lọ, ẹni tó ni í kò sì tíì ní kó kúrò. Kò sí láyé, kò sí lọ́run. Ó ń dúró. Ọdẹ́dínà fi ọwọ́ ya igbó níbi tí ṣaworo ti ń dún, ó wọlé.

Kò rìn jìnnà tó fi bá iwin kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà. Ó kéré bí ọmọ ọwọ́, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu agbada. Ajoríkì ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́dínà rò pé òun yóò fi oríkì dẹ́rù bà á bí àwọn ọdẹ ti máa ń ṣe.

"Yà lọ́nà! Èmi ni Ọdẹ́dínà, ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-bí-ẹni-pa-eṣinṣin! Èmi ni ẹkùn ń rí tó ń ki ìrù bọ itan! Mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ẹran mẹ́ta dùbúlẹ̀, ìkẹrin ní kí n má bínú, òun ń bọ̀!"

Iwin náà lá ètè. "Ó dùn." Ó ti tóbi bí màlúù. "Tún sọ."

"Mo wọ igbó, igi ń dọ̀bálẹ̀! Mo wúkọ́, odò ń padà sẹ́yìn!"

"Ọ̀rá inú ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù," ni Ajoríkì wí. Ó ti ga bí ilé. Ikùn rẹ̀ dí ọ̀nà, ó fún Ọdẹ́dínà mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. "Ọ̀pọ̀ ọdẹ ti bọ́ mi rí, ṣùgbọ́n oúnjẹ tìrẹ yàtọ̀. Ọmọ ta ni ọ́ tún ni?"

Ọdẹ́dínà kò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́. Ó fi ohùn kékeré sọ ọ́: "Ajá ni mo ń wá."

Iwin náà fajú ro. "Ìyẹn kò ní iyọ̀." Ikùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ajá ta ni?"

"Ajá mi."

Ó tún rọ̀. "Kí ló ṣe é?"

"Ó... ó sọnù."

"Áà, adùn díẹ̀ wà nínú ìyẹn," ni Ajoríkì wí, kò sì rọ̀ mọ́. Àlàfo tó ṣẹ́ kù kò ju ti ewúrẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́dínà fi ara fún gbà, ẹ̀gún ya gbérí rẹ̀, ó sì bó o ní èjìká. Ká ní òótọ́ ló sọ, ọ̀nà ìbá fẹ̀.

Ibi tó jáde sí, ìlú ni, ṣùgbọ́n ẹran ni gbogbo ará ibẹ̀: ìgalà, túùkú, ẹtu, ọ̀yà. Wọ́n ń sun iṣu, wọ́n ń gba àwọn ọmọ wọn létí, bí ìlú gbogbo ti rí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sí èyí tí kò tiro. Ìlú Agbọta nìyẹn. Ẹran tó bá gba ọta, tí ọdẹ kò tẹ̀lé e dé òpin, ibẹ̀ ló ń gbé.

Arúgbó ìgalà kan ni olórí wọn. Ó rí Ọdẹ́dínà, ó ní, "Ẹ wò ó, ọdẹ dé! Ẹ gbé àpótí fún un kó jókòó. Èmi kò lè jókòó, ọta wà ní ìdí mi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Túùkú kan ní, "Ẹ má jẹ́ kó kọjú ìbọn sí mi o. Èyí tó wà níkùn mi kò tíì dà."

Ìgalà ní, "Ọdẹ, a kì í lé àlejò. Àlọ́ ni a ń pa fún un. Ọdẹ rán an níṣẹ́, kò ní ẹsẹ̀, ó yára ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Bó bá ti lọ tán, ọdẹ kì í bi í ibi tó sùn. Kí ni?"

"Ọta ìbọn ni," ni Ọdẹ́dínà wí. Ó fọwọ́ lu àyà. "Àlọ́ ọmọdé lẹ ń pa fún àgbà."

"Ọta ni. Gba òmíràn. Ó ní ẹsẹ̀, kò rìn. Ó mọ ọ̀nà ilé, kò gbà á. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ebi ń pa á. Kí ni?"

Ọdẹ́dínà la ẹnu, ó pa á dé. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ara rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ìyẹn le jù fún ọ ni, ọmọ a-pa-ẹfọ̀n?"

"Kò le."

"Sọ ọ́ nígbà náà."

"Ajá mi ni." Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ìgalà nìkan ló gbọ́.

Ìgalà yí ìdí sí i. "Ọta tó wà níbí, tìrẹ ni. Ìwọ lo máa ń fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọta rẹ, kí ayé lè mọ̀ pé ìwọ lo pa ẹran. O tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ mi dé etí odò. Òjò ṣú, o ní, 'Ẹran mìíràn ń bẹ,' o yà sílé. Ṣé o rántí?"

"Mo rántí."

"Fi ìka yọ ọ́."

Ó ki ìka bọ ojú ọgbẹ́. Ìgalà kò ké, Ọdẹ́dínà ló ń ké. Nígbà tí ọta jáde, ìlà ọ̀bẹ rẹ̀ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó kù kò bi í nípa tiwọn. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgalà sọ fún un pé ìlú àwọn ajá ló kàn, pé kó fi ìbọn sílẹ̀, nítorí ajá ibẹ̀ kò fẹ́ rí ìbọn sójú mọ́. Ó gbé e kalẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé kò mọ ibi tí yóò kó o sí.

Àwọn ajá yẹn pọ̀ bí eéran. Ajá ọdẹ ni gbogbo wọn, àwọn tó sọnù, àwọn tí ìbọn bà, àwọn tí wọ́n lù jáde nílé nígbà tí imú wọn kò gbóòórùn mọ́. Abo ajá àgbà kan tó ní etí kan ṣoṣo ló ń darí wọn. Ó jókòó sórí àga, ó ń mu ìkòkò tábà. Àwọn ọ̀dọ́ ajá yí Ọdẹ́dínà ká, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé ọrùn.

"Irọ́ ń rùn lára rẹ̀, Ìyá," ni ọ̀kan wí.

"Ṣé irọ́ tuntun ni àbí ti àtijọ́?"

"Ó ti ń rà."

Ìyá Ajá yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. "Ọdẹ, ajá rẹ wà lẹ́yìn òkè yẹn. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lọ dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. A ó kọ́ ọ ná. Jókòó."

"Ènìyàn kì í jókòó fún ajá," ni Ọdẹ́dínà wí.

Pàṣán bà á ní ojúgun. Ó jókòó.

"Dìde. Wá sẹ́yìn. Ó dára. Lọ gbé e wá." Ìyá Ajá ju egungun sínú koríko, Ọdẹ́dínà rákò lọ, ó fi ẹnu gbé e bọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ajá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ̀ le! Ìyá, ẹ wo bó ṣe rún egungun! Ká ní àparò ni, ì bá ti di ata lílọ̀!"

"Ó kù ẹyọ kan," ni Ìyá Ajá wí. Ó gbé ìkòkò tábà rẹ̀ síwájú Ọdẹ́dínà. "Dúró." Ó bá lọ, kò wẹ̀yìn.

Ọdẹ́dínà dúró. Oòrùn gùn ún lórí títí orí rẹ̀ fi ń hó. Ìjàlọ gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, wọn kò sì kánjú. Òjò pa á. Aṣọ gbẹ sí i lára, òjò tún pa á. Àwọn ọ̀dọ́ ajá kò jẹ́ kó rímú mí.

"Ó ń mi ìdí! Mo rí i, ó ń mi ìdí!"

"Bàbá, wọ́n ń pín ẹran lọ́hùn-ún o. Ẹ ò ní í wá gba tiyín ni?"

Ọ̀kan lọ sẹ́yìn igi, ó ní, "Mo dé!" Ọdẹ́dínà gbé ẹsẹ̀. Òmíràn ní, "Òmùgọ̀, ṣé ohùn ẹni tó rán ọ níṣẹ́ nìyẹn?" Ó dá ẹsẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ó sú wọn, wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ yẹn ló burú jù. Kò sí okùn lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó lè lọ nígbàkúùgbà, ó sì dúró. Ó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí ohùn Ìyá Ajá dún lẹ́yìn rẹ̀ pé "Mo dé," ó ṣubú, ó sunkún bí ọmọdé.

"Kí ni o ń rò nígbà tí o ń dúró?" ni Ìyá Ajá bi í.

"Mo rò pé ẹ ó padà wá láìpẹ́."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo rò pé nǹkan kan ló ṣe yín lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ọdẹ́dínà fi ọwọ́ bo ojú. "Mo rò pé èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Mo ń wá ohun tí mo ṣe, n kò rí i."

Ìyá Ajá mú ìkòkò tábà rẹ̀. "O ti mọ iṣẹ́ náà wàyí. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Lẹ́yìn òkè ni igi apá yẹn wà. Àpò wà ní ìdí rẹ̀, ẹran yíyan wà nínú àpò, ẹnu kò kàn án. Jẹ́nsinmi dúró níwájú rẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti re. Ó kọjú sí ọ̀nà tí Ọdẹ́dínà gbà lọ.

"Mo dé," ni Ọdẹ́dínà wí.

Ajá náà kò mira.

"Jẹ́nsinmi, mo dé. Èmi nìyí. Mo dé o!"

Ìyá Ajá ní, "Kò gbọ́ ọ. Ìbọn tí ẹ yìn níbi ìṣípà, etí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ sí."

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wo ọ̀nà títí ojú fi fọ́."

"Báwo ni n ó ṣe tú u sílẹ̀?"

"Ìwọ lo kọ́ ọ. Èmi kọ́."

Ó rántí pé kì í ṣe ẹnu nìkan lòun fi ń tú u sílẹ̀, ọwọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rántí pàṣán tó fi kọ́ ọ pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ẹrù. Ó he ọ̀pá kan nílẹ̀, ó nà án síwájú díẹ̀, ajá bu ọ̀pá náà já. Ọdẹ́dínà sọ ọ̀pá sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ajá bù ú jẹ níbi ìka tó fi ń fa ìbọn, eyín pàdé ara wọn. Ọdẹ́dínà kò fa ọwọ́. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé e lé orí ajá náà, kò sì gbé e kúrò.

Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ahọ́n Jẹ́nsinmi. Ọwọ́ tó ń fún un ní oúnjẹ láti kékeré ni, ó mọ adùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. Imú rẹ̀ wá ọwọ́ náà káàkiri, ó wá apá, ó wá ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ọmọ ajá tí kò tíì lajú, ó sì ń lá ibi tó ti bu ọdẹ jẹ, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

"Má bínú," ni Ọdẹ́dínà ń wí. "Má bínú, má bínú." Ajá kò gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí a ń bẹ̀ kò gbọ́, ta ni a bẹ̀?

Ẹsẹ̀ Jẹ́nsinmi ti le bí igi, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọdẹ́dínà rún ẹran yíyan lẹ́nu, ó fi bọ́ ọ. Ó fi ìyókù gbérí rẹ̀ di ọwọ́. Ìka kù sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ajá kọ́ ọrùn bí ọdẹ ti ń gbé ìgalà, ó kọrí sí ilé. Ìlú Agbọta yà fún un, Ọdẹ́dínà kò béèrè ìbọn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fi lọ̀ ọ́. Ajoríkì la ẹnu dè é lọ́nà. Ọdẹ́dínà kò sọ nǹkan kan. Iwin náà kéré bí alángbá, ó gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sán gangan ló wọ Ìdó-Àpáta. Ohun tí àwọn ènìyàn rí lókèèrè ni ọdẹ tó gbé ẹran kọ́rùn. Wọ́n bú sígbe: "Ọdẹ dé o! Ọdẹ dé!" Wọ́n gbé orin ẹfọ̀n yẹn. Ìyá Àyọ̀ká pàápàá sáré jáde, ó gbé àwo dání: "Aládùúgbò mi àtàtà, ẹ má gbàgbé mi nínú itan rẹ̀ o!" Ohun tó sì dun Ọdẹ́dínà jù ni pé orin náà ṣì dùn létí rẹ̀.

Ẹrù ọrùn rẹ̀ gbé orí sókè. Ìrù rẹ̀ ń lu àyà ọdẹ, pó, pó.

Orin kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àyọ̀ká sọ àwo rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé kì í ṣe Jẹ́nsinmi nìyí?"

"Jẹ́nsinmi tí a ṣe ìṣípà fún?"

"Òun ni! Ọdẹ́dínà lọ gbà á lọ́wọ́ ikú ni! Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ikú ló bu ìka rẹ̀ jẹ! Ọdẹ́dínà jí òkú dìde!"

Wọ́n tún pariwo, ó ju ti ẹfọ̀n lọ. Wọn kò ní kó sọ nǹkan kan. Wọ́n ti ro ìtàn náà sílẹ̀ fún un, kó ṣáà ti dákẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé e sọ́rùn, òun àti ajá. Olúọdẹ Ògúnrónbí la àárín wọn kọjá, ó fi ọwọ́ kan ajá náà ní imú.

"Ọdẹ́dínà," ni arúgbó náà wí, "báwo lo ṣe jí i?"

Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́yìn Olúọdẹ. Ó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀.

"Kò kú rí, Bàbá," ni Ọdẹ́dínà wí. "Ẹfọ̀n kò kàn án. Mo ní kó dúró, mo sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí mo rántí, mo fẹ́ kó kú."

Olúọdẹ wò ó. Ìrèmọ̀jé tó sun, omijé tó sun, ìbọn tó yìn, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lójú rẹ̀. Ọdẹ́dínà rò pé yóò gbá òun lójú, ó sì gbé ojú sílẹ̀ fún un. Arúgbó náà kò gbá a. Ó yí ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ bu omi fún ajá," ni ó wí. "Bó bá mu tán, a ó gbọ́ ti ọdẹ."

Abọ́sẹ̀dé gba ajá náà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e jókòó sí itan. Ìyá Àyọ̀ká ló bu omi wá, nínú àwo tó gbé wá gba ẹran. Gbogbo ìlú ń gbọ́ bí ajá ṣe ń lá omi. Ó pẹ́ kó tó mu ún tán.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹ dìde, kí ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó bá so nǹkan ẹlẹ́mìí mọ́lẹ̀, kó yára lọ tú u.